Ojú Ìyá Mi Nínú Símẹ́ńtì Funfun

Bí ẹ bá wọ ilé ńlá kan ní Ìgàndò, tí ẹ gbójú sókè, tí ẹ rí i pé àjà ilé náà funfun bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tí òdòdó àárín rẹ̀ dà bíi pé ó fẹ́ já bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má wulẹ̀ bi onílé léèrè. Èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o, ṣùgbọ́n èyí tó bá dáa níbẹ̀, èmi ni. Pí-ó-pì, símẹ́ńtì funfun tí a fi ń ṣe àjà, niṣẹ́ mi láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìkòtún ṣì ń fi pákó bo àjà. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Prámárì mẹ́rin ni èmi àti ìwé ti kí ara wa pé ó dàbọ̀, oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, kò sì sí èyí tó bínú sí èkejì.

Ẹnu wá ya gbogbo ẹni tó mọ̀ mí nígbà tí wọ́n gbọ́ pé, pẹ̀lú irùngbọ̀n tó ti ń funfun yìí, mo padà di ọmọ iléèwé. Ojú ìyá mi ló fà á.

Ìyá mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo wà lórí àkàbà ní Ayọ̀bọ̀. Mùsùlùmí ni wá, àwa kì í sì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Kí mọ́tò tó gbé mi tó délé, wọ́n ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti kírun sí wọn lára, wọ́n ti kó yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n. Mo dúró ti yẹ̀pẹ̀ tútù náà, mo ń wò ó bíi pé ojú wọn yóò hàn níbẹ̀. Kò sí fọ́tò. Ìyá mi kórìíra fọ́tò. Wọ́n ní ohun tó bá ń wo èèyàn tí kò ṣẹ́jú, ó ní nǹkan tó ń wá. Ẹyọ kan tí a ní ni ti káàdì ìdìbò, ẹni tó wà nínú ìyẹn sì dà bí ẹni tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Kì í ṣe ìyá mi. Ìyá mi yan gàrí tà títí wọ́n fi darúgbó. Èéfín ti bá ojú òsì wọn jà, ó kéré ju tọ̀tún lọ, ó máa ń fún díẹ̀ bíi pé wọ́n ń bá ọ pète nǹkan kan. Ilà gọ̀mbọ́ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Ẹnu wọn, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu sílẹ̀ ná.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju èyí lọ: kí n tún rí ojú yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, níta, níbi tí ọwọ́ mi ti lè kàn án.

Ilé kan ni mo lọ ṣe àjà rẹ̀ ní Ìgàndò. Obìnrin kan ló ń gbébẹ̀, ó lè jẹ́ àbúrò mi pátápátá. Yunifásítì ló ti kọ́ iṣẹ́ ère, gáréèjì ilé náà ló sì fi ṣe iléèwé tirẹ̀. Omi ni mo lọ bù mu níbẹ̀ tí mo fi rí orí èèyàn funfun báláú tí wọ́n tò sórí pákó. Mo sún mọ́ ọ̀kan, mo fi ìka kàn án, kó-kó-kó.

“Àǹtí,” mo ní, “símẹ́ńtì mi lẹ fi ṣe èyí.”

“Símẹ́ńtì yín? Ṣé ẹ̀yin lẹ ni kọ́ńpìnnì wọn ni?”

“Èmi ni mo gbé e dé Ìkòtún.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Bàbá, ẹ ga jù o. Ẹ wá kọ́ ọ nígbà náà.”

“Kí n kọ́ kí ni? Ṣebí ká pò ó, ká dà á ni?”

“Ẹ wá pò ó, kẹ́ẹ dà á, ká wò ó.”

Bí mo ṣe di ọmọ iléèwé nìyẹn. Ọjọ́ Sátidé ni a máa ń pàdé. Èmi àti obìnrin oníkéèkì kan láti Ẹgbẹ́dá ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá déédéé. Ìjọ aláṣọ funfun lobìnrin yìí ń lọ, ó sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe áńgẹ́lì fún iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé kéèkì lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo da símẹ́ńtì sínú abọ́ ńlá kan, mo da omi lé e, mo sì rò ó gbúrúgbúrú bí a ti ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ àjà. Ó le sí mi lọ́wọ́ kí n tó yíjú.

“Bàbá, ẹ ti sè é jóná,” ni oníkéèkì wí.

“Iná wo lo rí?”

“Ẹ ṣáà bi í bóyá ó ti jinná.”

Àǹtí wá kọ́ mi bí àwọn oníṣẹ́ ère ti ń ṣe é. Omi ló ń kọ́kọ́ wà nínú abọ́. Símẹ́ńtì ni o óò máa fi ọwọ́ wọ́n lé omi lórí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ta iyọ̀ sọ́bẹ̀, títí yóò fi yọ orí sókè bí erékùṣù kékeré. O óò wá fi sílẹ̀ kó mumi tẹ́rùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́ á wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí atẹ́gùn má bàa há sínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kọ́ mi lọ, ìyẹn bí ẹ bá bi èmi. Nínú èèyàn méjì tó wà ní kíláàsì wa, èmi ni mo gba ipò kìíní.

Nígbà tó ní kí oníkálukú fi amọ̀ mọ ojú ẹnì kan, kò sẹ́ni tó bi mí pé ojú ta ni. Mo fi amọ̀ bo igi tí wọ́n kàn mọ́ pákó, mo jókòó, mo sì di ojú mi. Mo ń gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń fi igbá ro gàrí nínú agbada, ṣáà, ṣáà, ṣáà. Ojú òsì náà ló kọ́kọ́ dé. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò ṣe é. Ńṣe ni mo la ojú mi tí mo rí i pé àtàǹpàkò mi ti ṣe é tán, ojú èéfín yẹn, ó fún díẹ̀, ó ń bá mi pète nǹkan. Mo fi aṣọ tútù bò ó kíá, bíi pé ẹnìkan fẹ́ jí i gbé. Lọ́jọ́ náà, mo rìn dé Ìkòtún kí n tó rántí pé kẹ̀kẹ́ ló yẹ kí n wọ̀.

Ọ̀pọ̀ Sátidé ni mo lò lórí rẹ̀. Bí iwájú orí ṣe dé nìyẹn, imú dé, mo sì fa ilà gọ̀mbọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kọ ọ́ fún ọmọ titun. Nígbà tó kù díẹ̀, mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Ayọ̀bọ̀ lórí fóònù. Àwa méjì péré ni ìyá mi fi sílẹ̀.

“Ère?” ni wọ́n wí. “Ìwọ tó ń kírun?”

“Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń bọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ojú ni.”

“Ojú tí kò ríran, kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Ẹ ṣáà wá wò ó.”

Wọ́n wá o. Wọ́n dúró sẹ́nu géètì pẹ̀lú híjáàbù wọn, wọ́n ní àwọn ò wọlé, kí n gbé e wá. Mo ní ó wúwo. Wọ́n fi ẹsẹ̀ kan wọlé, wọ́n fi èkejì wọlé. Mo ká aṣọ tútù náà kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ wò ó.

“Ta ló sọ fún ọ nípa ojú yẹn?” Ohùn wọn ti rẹlẹ̀.

“Ta ni ìbá sọ fún mi? Ọwọ́ mi ni.”

“Ọwọ́ rẹ náà ni.” Wọ́n yí i po. “Ṣùgbọ́n ẹnu yìí kọ́.”

“Kí ló ṣe ẹnu?”

“Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo ni ìyá wa panu dé? Èyí dà bí ẹnu ẹni tó ń retí àmín. Yẹra níbẹ̀.”

Wọ́n bọ́ òrùka ọwọ́ wọn, wọ́n sì fi àtàǹpàkò ti igun ètè lọ́wọ́ ọ̀tún sókè. Wọ́n la àárín rẹ̀ díẹ̀, bí ẹnu ẹni tó ti ní èsì lọ́nà kí o tó sọ tìrẹ tán. Lójú mi, ìyá mi dé. Oníkéèkì tó ń ti ọ̀ọ́kán wò wá tiẹ̀ ní, “Ẹ kú ilé o, Màmá,” ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó rántí pé amọ̀ ni.

“Ẹ wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, Màmá,” ni Àǹtí wí fún ẹ̀gbọ́n mi.

“Ọlọ́run ò ní jẹ́.” Wọ́n fọ ọwọ́ wọn títí dé ìgúnpá. Nígbà tí wọ́n dé géètì, mo rí i tí wọ́n bojú wẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n la ìyókù iṣẹ́ náà yé yín. Amọ̀ kì í pẹ́. Bó bá gbẹ, ó sán. Nítorí náà a óò fi símẹ́ńtì bò ó. Bí símẹ́ńtì bá le, ó ti di mọ́ọ̀dù nìyẹn. A óò ṣí i sí méjì, a óò wa amọ̀ inú rẹ̀ dà nù, a óò fi ọṣẹ pa inú mọ́ọ̀dù náà, a óò so ó pọ̀, a óò sì da símẹ́ńtì titun síbi tí amọ̀ wà. Nígbà tí èyí náà bá le, a óò máa fi irin pẹlẹbẹ àti òòlù fọ́ mọ́ọ̀dù ìta dànù díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bó ẹyin, títí ojú inú yóò fi yọ. Amọ̀ ti lọ, mọ́ọ̀dù ti fọ́, ohun tó bá yọ ni tìrẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń po búlúù, búlúù tí a fi ń fọṣọ yìí, mọ́ ìpele àkọ́kọ́ tó bá kan amọ̀. Bí o bá ń fọ́ mọ́ọ̀dù lọ tí o sì rí búlúù, wọ́n ti sọ fún ọ pé ojú ti sún mọ́, rọra.

“Bàbá, búlúù o,” ni Àǹtí wí, ó sì jáde lọ dá ẹni tó gbé omi wá lóhùn.

Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ àjà rí kò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe sí mi. Nídìí iṣẹ́ tiwa, àbàwọ́n ni ọ̀tá. Ìpẹ̀kun ìtìjú ni kí onílé gbójú sókè kó rí ibi tí àwọ̀ kan ti ta sí funfun. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń ṣọ́ funfun. Tí ẹnìkan á wá ní kí n da aró lé ìyá mi lójú?

“Bàbá, àǹtí ní búlúù,” ni oníkéèkì wí.

“Búlúù wà fún sùtánà yín. Ìyá mi kì í ṣe aṣọ.”

“Ẹ fi ṣeré. Òun ló ń jẹ́ kí n dá tèmi mọ̀ lórí okùn.”

Mo po funfun, mo sì fi ìka ta á sára amọ̀ náà kó lè wọ gbogbo kọ̀rọ̀, ihò imú, ojú ilà, igun ètè. Mo kó ìpele tó nípọn lé e lórí pẹ̀lú okùn fáíbà tí kì í jẹ́ kó sán. Símẹ́ńtì tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò tíì rí i.

Nígbà tí a ṣí mọ́ọ̀dù náà, Àǹtí tẹjú mọ́ inú rẹ̀. “Búlúù dà, Bàbá?”

“Ojú mi ni búlúù mi.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká po àwọ̀ díẹ̀ mọ́ èyí tẹ́ ẹ máa dà sínú, kí méjèèjì lè yàtọ̀.”

“Kí ìyá mi di aláwọ̀ ewé? Ó tì o. Bí mo bá kan símẹ́ńtì, mo mọ̀ ọ́n létí.”

“Ìyá yín ni,” ó ní. “Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n.”

Ọwọ́ ara mi ni mo fi wa amọ̀ náà jáde. Ojú, imú, ètè tí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ ṣe, gbogbo rẹ̀ wọnú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì padà di amọ̀ lásán. Mo fi ọṣẹ pa inú mọ́ọ̀dù náà, mo fi rọ́bà táyà so ó pinpin, mo sì da funfun sínú rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé símẹ́ńtì yìí máa ń gbóná bó bá ń le. Mo ti mọ ìyẹn kí wọ́n tó bí Àǹtí. Ṣùgbọ́n lórí àjà, a kì í gbá a mọ́ra. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbé mọ́ọ̀dù náà lé itan mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná díẹ̀díẹ̀ láti inú wá, gẹ́lẹ́ bí ara èèyàn. Ó rán mi létí bí mo ṣe máa ń fara ti ìyá mi nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí agbada, tí iná ṣì wà lára aṣọ wọn. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í. Oníkéèkì rí mi, ó yíjú sí áńgẹ́lì rẹ̀, àánú Ọlọ́run ni. Mi ò gbé e sílẹ̀ títí ó fi tutù.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Mo ń kàn, mo ń gbọ́. Mọ́ọ̀dù ní dídún tirẹ̀, ojú ní tirẹ̀. Bí mo ṣe sọ ló rí. Iwájú orí yọ, kò ní ọgbẹ́ kankan. Ojú òsì yọ! Ó wà níbẹ̀, ó ń wò mí. Mo ké pe Àǹtí, mo ké pe oníkéèkì. “Ẹ wá wo ẹni tí kò fi búlúù sí i!” Imú yọ. Mo fẹ́ rí ẹnu. Ìyá mi wà lẹ́yìn ìbòjú símẹ́ńtì tí kò nípọn ju ìka lọ, wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, èmi náà fẹ́ gbọ́.

Mo kàn án. Àfọ́kù kan já bọ́ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Mo rí ilà lára rẹ̀, mo sì ní mọ́ọ̀dù ni, nítorí ilà máa ń wà nínú mọ́ọ̀dù náà. Mo tún kàn án nísàlẹ̀, ibi ẹnu. Èyí tó já bọ́ pọ̀. Ohùn kan náà ni wọ́n dún. Mo ṣa àfọ́kù àkọ́kọ́ nílẹ̀, mo fi àtàǹpàkò ra á. Nínú mọ́ọ̀dù, ilà máa ń yọ síta bí iṣan. Èyí wọnú. Ilà tí mo fa fúnra mi ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi ni mo mú lọ́wọ́, ẹnu wọn sì ti di ẹ̀rún nílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi, funfun nínú funfun, tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ èyí tí í ṣe ètè.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Oníkéèkì kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀rún náà sínú àwo.

Àǹtí bá mi fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ̀ padà. Ó tún po díẹ̀, ó mọ ẹnu sí i. Ẹnu tó dáa ni, ó gún régé, ẹni tó kàwé ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹnu àlejò ni. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó yọ ọ́ kúrò, ó sì yọ ọ́. Mo tún mú amọ̀. Níbi tí ìyà wà nìyí: nígbà tí mo di ojú mi, ìyá mi ò wá mọ́. Amọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni mo ń rí. Ó dà bíi pé ẹyọ kan ni mo ní nínú orí mi, mo gbé e síta, kò sì padà wọlé. Ojú jọ ojú wọn, nítorí funfun náà wà níwájú mi tí mò ń wò. Nísàlẹ̀ imú, ọwọ́ mi á dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi ń pè, mi ò gbé e. Nígbà tí mo rí i pé ètè yẹn ò ní ti ọ̀dọ̀ mi wá mọ́, mo fi àpò símẹ́ńtì wé ojú funfun náà, mo di amọ̀ sínú náílọ́ọ̀nù, mo sì gba Ayọ̀bọ̀ lọ. Kòtò ojú ọ̀nà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ èyí tó kù mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo bá wọn lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ ṣe ẹnu yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.”

“Èyí tí mo ṣe ńkọ́?”

Mo tú àpò náà. Wọ́n wo ojú ìyá wa tí kò lẹ́nu. Wọ́n gbé ẹ̀wà sílẹ̀.

“Ta ló ṣe èyí?”

Mo ṣàlàyé fún wọn. Mo ṣàlàyé búlúù, mo ṣàlàyé funfun, mo sì fi kún un pé ojú òsì yẹn, ní ìdúró rẹ̀ yẹn, kò sí oníṣẹ́ ère kan ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́ tó lè yọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi búlúù sí i.

“Dákẹ́!” Wọ́n dìde. “Wọ́n ní kí o fi búlúù sí i, o ní rárá. Wọ́n ní kí o fi àwọ̀ sí i, o ní rárá. Láti kékeré! Láti kékeré ni o ti ń mọ̀ ọ́n ju ẹni tó bí ọ lọ! Ìyá wa ní má gun igi, o gùn ún, o já bọ́, o tún ń bú igi! Alágídí! Elétí ikún!”

Igun ètè wọn lọ́wọ́ ọ̀tún ti gòkè. Àárín rẹ̀ là díẹ̀, èsì ti wà lọ́nà kí n tó sọ tèmi. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ní in. Bóyá wọn ò tíì bínú sí mi tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. Mo tú náílọ́ọ̀nù náà, mo gbá amọ̀ mọ́ orí itan mi.

“Kí lò ń ṣe yẹn? Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀!”

“Ẹ máa bú mi lọ, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Kí ni mo gbọ́ yẹn?”

“Mo bẹ̀ yín. Ẹ má dákẹ́.”

Wọ́n wò mí, wọ́n wo amọ̀, ó sì yé wọn. Wọ́n gbìyànjú o. Wọ́n tún pè mí ní alágídí, wọ́n pè mí ní afọ́nnu, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ pé mo ń wo ẹnu wọn, ojú ti ń tì wọ́n, ẹ̀rín sì fẹ́ pa wọ́n. Ètè náà rọ̀. Ó di ti ẹ̀gbọ́n mi padà. Igun kan péré ni mo tíì rí mú sínú amọ̀. Ní mọ́ṣáláṣí iwájú ilé, wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́.

“Jẹ́ kí n lọ ṣe àlùwàlá,” ni wọ́n wí. “Ìwọ náà dìde.”

Mo ní mo ń bọ̀. Mo rọra fi aṣọ tútù bo igun ètè náà kó má gbẹ. Mo ń ronú ohun tí mo lè ṣe sí wọn bí wọ́n bá kírun tán, tí inú á tún fi bí wọn dáadáa.